Ẹ̀gbọ́n Ni Kí O Máa Pè É

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa kọ́kọ́ wọlé.”

Ẹsẹ̀ Táyélolú dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà Ilé Ìṣọ́rántí. Kì í ṣe pé ilẹ̀kùn dígí tó ń ṣí fúnra rẹ̀ bà á lẹ́rù. Ó ti rí irú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu ní ìlú òtútù tó ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kì í sì í ṣe pé wọ́n ní kó ṣíwájú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí àwọn méjèèjì, òun ló ń ṣíwájú. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló dá a dúró. Ẹ̀gbọ́n. Kẹ́hìndé pè é ní ẹ̀gbọ́n, ó tún fi “ẹ” sí i bí ẹni tó ń bá ìyá ọkọ sọ̀rọ̀.

Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni wọ́n ti jọ ń lo ojú kan, Kẹ́hìndé sì ni ẹ̀gbọ́n. Ta ni kò mọ ìyẹn n'Ígbó-Ọrà? Ní ìlú tí ìbejì pọ̀ sí bí ilá lóko, kò sí ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò mọ̀ pé ìránṣẹ́ lásán ni ẹni tó kọ́kọ́ jáde. Kẹ́hìndé ló jókòó jẹ́ẹ́ sínú ìyá, tó ní, “Ìwọ, lọ tọ́ ayé wò fún mi. Bó bá dùn, kí o ké.” Táyé jáde, ó ké, Kẹ́hìndé sì fara balẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tó ránni níṣẹ́ ló ni ipò àgbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kì í ní Ọmọ́kẹ́hìndé-gbẹ̀gbọ́n.

“Kí lo pè mí?” Táyélolú bi í.

“Ẹ wọlé jàre. Oòrùn ń pa wá.”

Bí Kẹ́hìndé ti fà á lọ́wọ́, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, Táyélolú sì gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan láti ara ìlẹ̀kẹ̀ tó wà létí òsì ẹnìkejì rẹ̀. Gbogbo àgbàlagbà ìlú ló ń lo ìlẹ̀kẹ̀ yìí báyìí. Èèyàn á sọ ohun tí kò fẹ́ gbàgbé sínú rẹ̀, òun náà á sì máa fi ohùn ẹni sọ ọ́ padà síni létí: pa iná, gba oògùn rẹ, Ọjọ́rú nìyí. Ṣùgbọ́n etí òsì Kẹ́hìndé ti di, ó sì ti yí ìlẹ̀kẹ̀ náà sókè débi pé ará ìta lè gbọ́.

“Ẹ̀gbọ́n ni kí o máa pè é,” ni ìlẹ̀kẹ̀ náà wí, ohùn Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀. “Má gbàgbé.”

Kí Táyélolú tó rí èsì fọ̀, Kẹ́hìndé ti gbé àtẹ́lẹwọ́ àwọn méjèèjì lé ara ilẹ̀kùn.

“Ẹ̀jẹ̀ kan, ẹni méjì,” ni ilẹ̀kùn wí. “A ti ń retí yín.”

“Wọ́n ti ń retí wa? O ti wá síbí rí ni?”

“Bí wọ́n ṣe ń sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn.”

Ìwé ìgbélùú ni Kẹ́hìndé ní àwọn fẹ́ gbà. Ó ní ẹni tó bá ti òkè òkun dé tó sì ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún gbọ́dọ̀ gbà á, pé kò ní gbà ju wákàtí kan lọ. Òun ló ránṣẹ́ pe Táyé pé kó padà wá gbé nílé. Ijọ́ kejì rèé tó dé. Lálẹ́ àkọ́kọ́, ọbẹ̀ ilasa ni Kẹ́hìndé sè, irú èyí tí ìyá wọn máa ń sè, tó ń fà lọ́wọ́ bí òwú. Bí wọ́n ti ń jẹun, ó bi í pé, “Ṣé òtútù pọ̀ níbẹ̀?” Táyé dá a lóhùn. Kò pẹ́ ó tún bi í. Nígbà tó bi í lẹ́ẹ̀kẹta, Táyé rẹ́rìn-ín, ó ní àgbà ló dé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá kọ́kọ́rọ́ ilé nínú agolo gààrí. Ó tún rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín sí. Nígbà tó fẹ́ kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá wọn ti kọ́ ọ, Kẹ́hìndé yára gbá a mú léjìká, ó ní, “Rárá o, má fi orúnkún ṣeré.” Táyé rò pé ìfẹ́ ni.

Ibi tí wọ́n kọ́ Ilé Ìṣọ́rántí yìí sí, oko ẹ̀gẹ́ bàbá wọn ni tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń rẹ ẹ́ sómi fún láfún, tí òórùn rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ ilé-ìwé. Ní òkè òkun lọ́hùn-ún, Táyé a máa jí lójú oorun nígbà mìíràn, á ní òun gbóòórùn yẹn. Òórùn ọṣẹ ló wà níbẹ̀ báyìí.

Nínú gbọ̀ngàn, méjì méjì ni wọ́n to àga. Bàbá arúgbó kan jókòó sórí ọ̀kan, ó gbé abẹ̀bẹ̀ sórí èkejì.

“Àwọn ìbejì! Ẹ ò ṣe bí ẹni ń wo dígí!”

“Ẹ kú ìjókòó, bàbá,” ni Táyélolú wí.

“Èwo ló ń wọlé nínú yín?”

“Ìwé la wá gbà,” Kẹ́hìndé yára dáhùn.

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá fi fẹ́ yọ. “Ìwé kẹ̀! Nínú ilé yìí? Ìyá, ìwé tó wà níbí, èèyàn ló ń wọ inú rẹ̀. Kẹ́hìndé tèmi wà nínú lọ́hùn-ún, ọdún kẹfà rèé. Ẹ̀jẹ̀ kan la ní, òun sì ni ẹ̀gbọ́n, ó di dandan kí òun wọlé. Wọ́n ń fún un ní oògùn ìrántí, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Bó bá ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ, wọn á fún èmi náà.”

“Kò lè jáde?”

“Wọ́n ti ti ohùn rẹ̀. Bó bá ní òun ta adìẹ, títà ò tà. Bó bá ní òun ń lọ sílé, ilẹ̀kùn ò ní ṣí. Ẹnu rẹ̀ ò jámọ́ nǹkan kan mọ́, àfi ká fi jẹun. Bẹ́ẹ̀, ó ṣì ń nà mí láyò ní gbogbo Sátidé! Olórí burúkú.” Ó fi abẹ̀bẹ̀ nu ojú bí ẹni nu òógùn. “Ó ṣì ń bú mi pé mo pẹ́ dé.”

Táyélolú yíjú sí Kẹ́hìndé. Kẹ́hìndé ń wo ilẹ̀, bí ìgbà tó bá fọ́ àwo ìyá wọn tó sì ń dúró kí Táyé sọ pé òun ni.

*

Ìyáàfin Fáṣànyà, àgbà akọ̀wé ilé náà, jẹ́ obìnrin gíga tó fi gèlè kékeré aláwọ̀ aró wé orí. Ó gbé wàláà dígí lé itan. Lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ kan wà tó rí roboto bí ìdí igbá, wọ́n ń pè é ní Ẹlẹ́rìí. Ojú rẹ̀ pa dé.

“Ẹ̀yin màmá, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí ẹ̀yin tẹ ti ìrìn àjò dé,” ó wí. “Àbùdá kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa. Ẹ̀dà méjì la máa ń gbà, ọ̀kan láti ara bàbá, ọ̀kan láti ara ìyá. Irú kan nínú rẹ̀ ní àmì. Ẹni tó bá gba àmì kan, ewu pé yóò ṣarán lọ́jọ́ ogbó lé díẹ̀ ju tẹlòmíràn. Ẹni tó gba méjì, ó lé gan-an. Méjì lẹ ní.”

“Ta ló gba ẹ̀jẹ̀ mi?” Táyélolú bi í. “Láti ìgbà tí mo ti dé, ẹ̀fọn nìkan ló gba ẹ̀jẹ̀ mi.”

Ìyáàfin Fáṣànyà wo Kẹ́hìndé, ó wo wàláà. “Oṣù márùn-ún sẹ́yìn la gba ti ẹnìkejì yín. Ẹ̀jẹ̀ yín kò yàtọ̀.”

“Ṣé ó ti dájú pé a ó ṣarán nìyẹn?”

“Kò dájú. Àmì kì í ṣe ìdájọ́, màmá. Mo mọ ẹni àádọ́rùn-ún ọdún tó ní méjì tó sì ń ka ìwé ìròyìn láìlo awò. Òfin ni kò ní sùúrù láti dúró wo ọ̀la: ìbejì tó bá ní méjì, ẹ̀gbọ́n nínú wọn gbọ́dọ̀ wọlé.” Ó fa ìka lójú wàláà. “Àwọn ni wọ́n kọ ìwé sílẹ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì. Ohun tí wọ́n kọ rèé. Ẹ̀gbọ́n: Táyélolú. Àbúrò: Kẹ́hìndé.”

Etí Táyélolú hó bí ẹni tó rì sómi. Ó wá mọ̀ pé láti òwúrọ̀ ni òun ti ń gbọ́ ọ tí òun kò sì gbọ́ ọ.

“Ìwé náà kò tíì múlẹ̀,” ni obìnrin náà wí. “Ó di ìgbà tí ẹ̀yin méjèèjì bá fi ẹnu ara yín sọ ọ́ níwájú Ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú òfin ni ẹ̀gbọ́n. Kò sọ pé ẹni tó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ọmọ ìlú yìí ni èmi náà, mo mọ ohun tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ́ ni Ẹlẹ́rìí ń gbọ́.” Ó dìde. “Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”

Ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, ojú kan náà tó ń wo ojú kan náà.

“Kẹ́hìndé, o tà mí.”

“Irọ́ ni mo pa? Ṣé ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ jáde?” Ohùn rẹ̀ ti padà sí “ìwọ.” “Níbi tí ìwé ìbí wa wà lọ́sibítù, ìwọ lo fi ìdajì wákàtí ṣáájú mi. Ẹ̀gbọ́n kí ni mo jẹ́? Ìtàn lásán!”

“Ó ti wá di ìtàn lásán! Nígbà tí wọ́n ń pín ẹran ńkọ́? Ta ló ń kọ́kọ́ mú? Nígbà tí ìgbóná ara dé, tí ìyá po egbòogi kíkorò, ta lo ní kó tọ́ ọ wò? Èmi. Mo bì, o ní o ò mu mọ́. Ilé-ìwé tí o ń sá fún, èmi lo rán lọ wò ó. Mo lọ fọ̀sẹ̀ kan kí o tó wá, olùkọ́ sì ti nà mí tán.”

“Mo wá.”

“Òkè òkun ńkọ́? ‘Táyé, lọ wò ó bóyá ó dáa, kí n máa bọ̀.’ Mo lọ. Mo wò ó. Mo ké sí ọ títí ọ̀fun mi fi ha. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Kẹ́hìndé! Gbogbo ìgbà tí mo bá ń se oúnjẹ, ti ẹni méjì ni mo ń sè ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn.”

Kẹ́hìndé fi ìka ra ìlẹ̀kẹ̀ etí rẹ̀.

“O ò jẹ́ bẹ̀ mí,” ni Táyélolú wí, ohùn rẹ̀ sì já. “Bí o bá sọ pé, ‘Táyé, ẹ̀rù ń bà mí, wọlé fún mi,’ ṣé o rò pé màá kọ̀? Ọjọ́ wo ni mo kọ̀ rí? Ṣùgbọ́n o se ilasa fún mi. O se ilasa, o sì jókòó ń wò mí bí mo ṣe ń lá ọwọ́.”

“Ẹ̀rù ń bà mí,” ni Kẹ́hìndé wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Kí n má lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Èmi tí mo ń ránni níṣẹ́.” Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ mọ́ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. “Ṣé òtútù pọ̀ níbẹ̀?”

*

Ìyáàfin Fáṣànyà pe Táyélolú nìkan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Òfin ní kí n sọ èyí fún ẹni tí wọ́n kọ sílẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n, fún òun nìkan. Láti ẹnu ọ̀nà ni ilé yìí ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, tó sì ń wo ìrìn yín. Orí tiyín pé, màmá. Ìgbàgbé ti ẹnìkejì yín ti bẹ̀rẹ̀, bí ọdún méjì sẹ́yìn.”

“Ẹ̀jẹ̀ kan náà kọ́?”

“Àbùdá ló ń dá orin, ìgbé ayé ló ń gbè é. Etí tó di tí wọn ò tọ́jú. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò gbóògùn sí. Ìdánìkanwà. Nígbà mìíràn, àwa náà ò mọ ìdí.”

“Oògùn yín ńkọ́?”

“Ó ń dá a dúró bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀. Kò dá gbogbo wọn dúró o, mi ò ní purọ́. Ẹni tó bá wọlé lónìí, ọ̀la ló ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà níta á dúró di ọdún mẹ́jọ.”

“Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, Kẹ́hìndé…”

“Wọ́n lè máà mọ orúkọ ara wọn.” Obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó jẹ́rìí. Bẹ́ẹ bá sọ ọ́, Ẹlẹ́rìí á ní ẹ kọ́ wọn lẹ́nu, wọn á sì fa ìwé ẹ̀yin méjèèjì ya. Kò sẹ́ni tó máa gba oògùn nínú yín.”

Táyélolú fara ti ògiri. Nítorí náà, ọ̀fìn tí Kẹ́hìndé gbẹ́ sílẹ̀ dè é, Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ ló ń lọ sínú rẹ̀. Kí òun kàn sọ pé, “Èmi ni ẹ̀gbọ́n,” ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, kí òun wọlé pẹ̀lú orí pípé, kí òun máa mu oògùn tí òun kò nílò, kí Kẹ́hìndé sì máa rìn ní ìgboro pẹ̀lú ohùn rẹ̀ lódindi títí kò fi ní rántí ohun tó fẹ́ fi ohùn náà sọ. Ẹni tó sebẹ̀, kó lá a. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó jẹ́ kó dùn díẹ̀. Kò purọ́ fún ara rẹ̀ pé kò dùn.

Ṣùgbọ́n bí òun bá sọ pé, “Òun ni ẹ̀gbọ́n,” títí ayé ni Kẹ́hìndé yóò máa pe òun ní ọ̀dàlẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì lè rántí.

*

“Ẹ bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ etí, màmá,” ni Ìyáàfin Fáṣànyà wí fún Kẹ́hìndé. “Níwájú Ẹlẹ́rìí, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ síni létí.”

Kẹ́hìndé lọ́ra. Ó bọ́ ọ, kò sì mọ ibi tí yóò fi sí. Táyélolú na ọwọ́, ó gbà á. Nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ náà ṣì ń sọ̀rọ̀ bí eṣinṣin tó há sínú ìgò. Ojú Ẹlẹ́rìí ṣí, iná funfun.

“Ta ni ẹ̀gbọ́n?” ni ẹ̀rọ náà wí.

“Òun ni.” Kẹ́hìndé nawọ́ sí i. “Òun ló kọ́kọ́ jáde.”

“Ta ni ẹ̀gbọ́n?” Ojú ẹ̀rọ náà yí sí Táyélolú.

Ó la ẹnu. Ohun tó kọ́kọ́ wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ rárá. Orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó di àga mú, egungun ń ké, ó sì kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ dídán yẹn, lórí ibi tó ti jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ bàbá wọn. Ó tẹ orí ba.

“Ẹ káàárọ̀ o.”

Ló bá mọ ọwọ́ kan lórí gèlè rẹ̀. Ọwọ́ náà kò wárìrì, ó wúwo, ó mọ ibi tó ń lọ. Ohùn Kẹ́hìndé sì dé látòkè, ohùn ọmọdé tó wà nínú ohùn arúgbó, ọ̀rọ̀ tí ìyá wọn fi kọ́ wọn nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, tí ìgbàgbé kò tíì rí ọ̀nà dé ìdí rẹ̀:

“Dìde, ìránṣẹ́ mi. Báwo ni ayé ṣe rí?”

Èsì kan ni ọ̀rọ̀ yẹn ní. “Ó dùn, máa bọ̀.” Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni Táyélolú ti fọ èsì náà, nínú eré, lórí fóònù, nínú lẹ́tà tí kò sí ẹni tó fèsì sí. Lọ́jọ́ yìí, kò lè sọ pé ó dùn.

Iná Ẹlẹ́rìí yí padà sí àwọ̀ ewé. “Àbúrò kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn. Ẹ̀gbọ́n: Kẹ́hìndé,” ni ẹ̀rọ náà wí. “Ìwé ti múlẹ̀.”

Kẹ́hìndé yọ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Ó wo ọwọ́ náà. Ó wo Táyélolú tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣófo, ó wá kún.

“Táyé,” ó wí. “O fi ìkúnlẹ̀ tà mí.”

“Oògùn wà níbẹ̀,” Táyélolú ń sọ, ó ti lè sọ ọ́ báyìí, omijé sì ń dí i lọ́wọ́. “Kẹ́hìndé, gbọ́ mi, ìwọ lo nílò rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ lára rẹ…”

Ṣùgbọ́n etí òsì rẹ̀ tó di ló kọ sí i, ìlẹ̀kẹ̀ tó lè rán an létí sì wà lọ́wọ́ Táyé.

Ilẹ̀kùn inú ṣí. Ìyáàfin Fáṣànyà rọra di Kẹ́hìndé mú ní ìgbọ̀nwọ́, wọ́n jọ rìn dé ibẹ̀. Ọ̀nà gbọọrọ tó funfun ló wà lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà náà, a kò rí òpin rẹ̀. Níbẹ̀ ni Kẹ́hìndé ti dúró. Kò jà, kò ké. Ó kàn dúró, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì bojú wẹ̀yìn, bó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin wá ní ẹnu gbogbo ọ̀nà tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ń dúró kí Táyé kọ́kọ́ kọjá.

Táyélolú dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbé ìgbésẹ̀ kan kí ó tó dá a dúró.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó wí, “ẹ máa kọ́kọ́ wọlé.”